Ródáàjì Ohùn Bàbá Murielle

Ohun tó pa rédíò kásẹ́ẹ̀tì Ìyá Murielle kò ju eku lọ. Nígbà ọyẹ́ ni eku ọ̀hún wọ inú rẹ̀, ó gé gbogbo okùn tín-ín-tín inú rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó fi tẹ́ ibùsùn fún àwọn ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà kò mọ̀. Ó dé láti Máàsì ọjọ́ Ìsinmi, ó bọ́ bàtà, ó tẹ rédíò náà bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́, bí èèyàn ṣe ń gbá ọmọ tó sùn lórí oúnjẹ. Eku yọ orí níbi tí ohùn ti máa ń jáde, ó wò ó, ó sì padà sínú ilé rẹ̀.

"Háà," ni Ìyá Murielle wí. "Ìwọ lo wá ń gbé ibẹ̀ báyìí?"

Dorothée ni orúkọ tí fádà sọ ọ́ níbi ìrìbọmi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò wọn lábẹ́ òkè, àfi ọkọ rẹ̀ Ignace. Ọkọ náà sì rèé, inú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló kù sí.

Nígbà tí Murielle, àkọ́bí wọn, lọ sí Libreville, fóònù kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwa ará òkè. Ẹni tó bá ní ọmọ ní Gabon, inú kásẹ́ẹ̀tì ló ń sọ̀rọ̀ sí, á wá fi rán ẹni tó bá ń lọ. Nítorí èyí ni Ignace ṣe ra rédíò náà. Wọ́n gbé e lé orí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé lẹ́yìn ilé, níbi tí àpáta ńlá ti ń ṣíji bò wọ́n. Dorothée ti búra pé òun kò ní bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń rẹ́ ilá. Ignace kí ọmọ rẹ̀ títí, ó kí ọkọ ọmọ rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn iṣu oko Kpingni. Ó ní èyí tí òun wà lánàá tóbi tó ẹlẹ́dẹ̀, pé ṣe ni wọ́n fi igi gbé e wálé. Ibẹ̀ ni ìbúra Dorothée ti bàjẹ́.

"Irọ́ ló ń pa o, Murielle! Iṣu wo?"

"Dorothée, jẹ́ n sọ̀rọ̀!"

"Sọ òótọ́, n ó jẹ́ kó o sọ̀rọ̀!"

Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ewúrẹ́ kan dá sí i, ọ̀rọ̀ di ariwo. Nígbà tí wọ́n yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn láti gbọ́ ọ, Ignace la ẹnu sílẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Ìwọ ni."

"Èmi kọ́. Ṣé bí mo ṣe ń fi imú sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

Títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà ni ó ń di imú mú, kó má bàa fi imú sọ̀rọ̀.

Murielle tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì yẹn títí. Nígbà tó wálé wá sin bàbá rẹ̀, ó mú un dání, ó fi sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Kò sí ibòmíràn láyé tí ẹnikẹ́ni ti ń pe Dorothée ní Dorothée mọ́. Ìdí nìyẹn tí eku ṣe bà á nínú jẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Vanessa, ọmọ Murielle, ló wá nǹkan ṣe sí i. Kùtọnu ni Vanessa ti ń ṣiṣẹ́. Ó mú kásẹ́ẹ̀tì lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan níbẹ̀, wọ́n sì kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú irin kékeré kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, tí wọ́n ń pè ní kìlé. Lẹ́yìn náà ó fi kìlé náà rán awakọ̀ kan sí Ràsáàkì, ó sì tẹ̀ ẹ́ láago. Ràsáàkì yìí ní bùtíìkì ní ọjà Dassa, fóònù ló ń tà, àti rédíò, àti báfù, ìyẹn àwọn àpótí tí ohùn ń ti inú rẹ̀ jáde. Ó di páálí ńlá kan mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀, ó gbé e wá.

"Ẹ kú ilé, Màmá. Báfù yín dé o. Méjì ni."

"Méjì kẹ̀? Ọkọ kan ni mo ní."

Ràsáàkì rẹ́rìn-ín. Orí tábìlì kò tilẹ̀ gbà ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà ó gbé ọ̀kan síbẹ̀, ó ti ìkejì sábẹ́ ibùsùn nínú páálí rẹ̀, bí wọ́n ṣe lẹ̀ ẹ́ pa láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ó ki kìlé bọ ẹ̀yìn èyí tó wà lórí tábìlì. Ohùn sọ̀rọ̀.

Ohùn náà jinlẹ̀, ó mọ́ tónítóní, bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì ká. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló pé. Ṣùgbọ́n ohùn Ignace kò mọ́ rí láyé. Ohùn tó ní èèpo lára ni, ohùn ẹni tó ń pe èèyàn láti orí àpáta kan dé èkejì, tí eruku oko kì í kúrò lọ́fun rẹ̀.

"Ràsáàkì ọmọ mi, ta ni bíṣọ́ọ̀bù tó ń kí Murielle yìí?"

"Bàbá ni, Màmá."

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti di arúgbó. Kì í ṣe òun."

Ràsáàkì họ orí. Kò fẹ́ràn kí èèyàn fi ojú báyẹn wo ọjà tí òun gbé wá. Ó fi ìka tẹ ẹnu báfù náà. "Tuntun ni, Màmá. Rọ́bà tó yí ẹnu rẹ̀ ká ṣì le. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ rí i? Ó fẹ́ ródáàjì ni. Ẹ máa lò ó díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ á tú, ohùn Bàbá á sì jáde bó ṣe wà."

Ojú Ìyá Murielle là. Ródáàjì! Ọ̀rọ̀ tó yé e rèé.

Ta ni kò mọ ródáàjì ní Dassa? Alùpùpù tuntun ni wọ́n ń ṣe é fún. Èèyàn kì í fi í sáré, kì í fi gun òkè, kì í gbé èèyàn méjì lórí rẹ̀. Tó bá gbóná, wọ́n á jẹ́ kó sinmi, títí tí àwọn irin inú rẹ̀ á fi mọwọ́ ara wọn. Nígbà tí Ignace ra tiẹ̀, ó pa òfin yìí mọ́ ju ti katekísímù lọ. Kò gbé ìyàwó rẹ̀. Bí wọ́n bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Dorothée á máa fẹsẹ̀ rìn létí títì, Ignace á máa rọra gun alùpùpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ òsì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń wọ́ nílẹ̀ kó má bàa ṣubú. Wọ́n á jọ máa tàkúrọ̀sọ lọ bẹ́ẹ̀.

"Ignace, ojú ò tì ọ́? Gbé ìyàwó ẹ!" làwọn èèyàn á máa kígbe láti ẹnu ọ̀nà.

"Ó wà ní ródáàjì!"

Ọjọ́ tí ródáàjì parí, ó dúró níwájú ilé, ó ní, "Dorothée, gùn ún." Ó gbé e dé ọjà Glazoué. Wọn kò ra nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n kàn lọ, wọ́n sì bọ̀.

Nítorí náà, ohun tí ródáàjì gbà kò ṣàjèjì sí Ìyá Murielle. Láti ọjọ́ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó yí ohùn báfù wálẹ̀ pátápátá, nítorí ariwo ni òkè tirẹ̀. Báfù náà ń gba rédíò, ìròyìn èdè Faransé ló sì ń jẹ́ kó máa sọ láàárọ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́, torí pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ ọ́, tó sì ń sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́. Bí ẹgbẹ́ akọrin bá bẹ̀rẹ̀, á sáré pa á: èrò ti pọ̀ jù lórí rẹ̀. Á máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lára bí ẹni ń wo ibà ọmọ. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, á jẹ́ kó sinmi títí di ìrọ̀lẹ́.

Cyprien, ọkùnrin ẹlẹ́mu tó múlé tì í, fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

"Ìyá Murielle, ẹ yá mi ní báfù yín, a ní ìnáwó ní Lèma."

"Kò tíì lè rin ọ̀nà jíjìn."

"N ó rọra máa tì í."

"Lọ ti ìyá rẹ."

Nígbà tó yá, ó gbà fún un kó gbé ẹnì kan. Ìyẹn ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ibi tí Ignace nìkan ti ń sọ̀rọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìkíni títí dé oko Kpingni. Ó mọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti máa dá sí i. Bí Ignace bá ti ní "ó tóbi tó...", á tẹ̀ ẹ́ pa kí ẹlẹ́dẹ̀ tó jáde. Èèyàn méjì ṣì di ẹ̀ṣẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ ọ báyìí, kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi nìkan mọ́, nítorí ródáàjì kò fẹ́ ìdúró. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, iṣu ta lóko, ó ń gbọ́ ọ. Bíṣọ́ọ̀bù ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohùn náà ń bọ́ aṣọ ńlá ọrùn rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń gbálẹ̀ nígbà tí ohùn yẹn ní "Murielle, èmi bàbá rẹ nìyí," ẹnu rẹ̀ sì dáhùn kó tó mọ̀: "Ṣé o ti jẹun?" Ó dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Òun ni. Òun gan-an ló wà nínú yàrá. Ródáàjì parí.

Síbẹ̀ kò gbọ́ ibi tí èèyàn méjì wà. Ó fi í pamọ́ de Vanessa, tó máa ń wálé nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn èrò bá ń gun òkè bọ̀ wá sí ihò àpáta Arígbó láti bẹ Màríà Mímọ́. Ó fẹ́ kí ẹnì kan jókòó tì í lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa pe orúkọ rẹ̀.

Vanessa dé tòun ti búrẹ́dì àti ọṣẹ olóòórùn dídùn. Kò tíì mu omi tán tí ìyá àgbà rẹ̀ fi tẹ báfù. Ignace kí ọmọ, ó kí ọkọ ọmọ, ó dé oko, iṣu tóbi tó ẹlẹ́dẹ̀, Dorothée ní irọ́ ni.

"Dorothée, jẹ́ n sọ̀rọ̀!"

Ìyá Murielle pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Nígbà tí ewúrẹ́ ké tán, ó yíjú sí Vanessa.

"O gbọ́ ọ? Ó ti dé. Ní ọjọ́ tí Ràsáàkì gbé e wá, bíṣọ́ọ̀bù ló jẹ́. Mo ṣe ródáàjì fún un, òun rèé."

"Ródáàjì? Fún báfù?" Vanessa bú sẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n, ìyá àgbà, ta ló sọ ìyẹn fún yín? Bó ṣe ń dún ní Kùtọnu náà ló ń dún yìí. Báfù ò yí padà. Etí yín ló ti mọ́ ọn. Inú orí ló wà."

"Inú orí ta?"

"Ẹ má bínú. Inú orí gbogbo èèyàn ni."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ràsáàkì. Ó dé, ó ń nu òógùn.

"Madamu Kùtọnu, ẹ káàbọ̀. Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń ba ọjà mi jẹ́."

"Tọ́ńtọ̀n Ràsáàkì," ni Vanessa wí, bí ọmọ Kùtọnu ṣe ń pe àbúrò bàbá rẹ̀, "ẹ̀yin lẹ ní kí ìyá àgbà máa tọ́jú báfù bí ọmọ tuntun?"

"Ṣé bàtà tuntun kì í ta yín lẹ́sẹ̀ ni? Tó bá pẹ́, ṣé kì í rọ̀?"

"Bàtà rọ̀ tàbí ẹsẹ̀ le?"

"Ẹ wo ọmọ yìí!"

Wọ́n ń bá a lọ báyẹn, ẹnu ń dùn wọ́n, àfi ìgbà tí Ìyá Murielle sọ̀rọ̀ láti ibi tó jókòó sí.

"Ìkejì wà lábẹ́ ibùsùn. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé e jáde ká gbọ́. Bíṣọ́ọ̀bù á wà nínú tìyẹn, ẹ̀yin náà á gbọ́ ọ."

Ó dá a lójú débi pé ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ràsáàkì fi ọ̀bẹ la páálí. Báfù náà jáde, ó ń dán, òórùn ike tuntun sì ń jáde lára rẹ̀. Vanessa ní kí ìyá àgbà kọjú sí ògiri, kó má bàa fi ojú gbọ́ ọ. Ó kọjú sí ògiri. Wọ́n ki kìlé bọ ọ̀kan, Ignace kí Murielle. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n ki kìlé bọ ìkejì, Ignace tún kí Murielle.

"Tún fi ti àkọ́kọ́," ni ó wí. Wọ́n tún fi í. Ó gbé ọwọ́ sókè. "Èyí ni òun. Èyí ni ọkọ mi. Ẹ̀ ń gbọ́ bó ṣe rọ̀?"

Ó yí ojú padà. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú páálí ló ń sọ̀rọ̀.

"Bóyá ooru abẹ́ ibùsùn ló ti ṣe ródáàjì tirẹ̀," ni Ràsáàkì wí, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá Murielle jókòó. Ọ̀rọ̀ náà ń wọlé sí i lára bí omi ṣe ń wọ ẹsẹ̀ ògiri, kò yára, kò sì sí ohun tó lè dá a dúró. Bí báfù kò bá rìn wá pàdé Ignace, a jẹ́ pé Ignace ló rìn lọ pàdé báfù. Òun Dorothée ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú un lọ, láràárọ̀, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó pa ojú dé. Ó wá Ignace lọ sí orí àpáta ẹ̀yìn ilé, níbi tó máa ń dúró bó bá ti oko dé, tó máa ń pe orúkọ rẹ̀ kó lè gbé omi kaná. Ignace dúró níbẹ̀. Ó la ẹnu, ó ní "Dorothée", bíṣọ́ọ̀bù ló sì pè é.

"Ìyá àgbà," ni Vanessa wí. Ó ti kúnlẹ̀ tì í. "Ẹ má dá mi lóhùn, mo kàn ń ṣàwàdà ni. Tọ́ńtọ̀n lè jàre."

"Rárá, òótọ́ lo sọ. Ní ọjọ́ tí mo ní kì í ṣe òun, ọjọ́ yẹn ni mo ṣì mọ̀ ọ́n."

Ó dìde, ó yọ kìlé fúnra rẹ̀, ó kó o pẹ̀lú báfù méjèèjì sínú páálí, ó fi okùn dì í.

"Ràsáàkì, kó wọn lọ sí bùtíìkì rẹ. Má tà wọ́n. Bí mo bá wá bẹ̀ ọ́ kó o kó wọn fún mi, má dá mi lóhùn."

"Títí di ìgbà wo, Màmá?"

"Ìgbà tó o bá rí i pé mi ò bẹ̀bẹ̀ mọ́."

Ó bẹ̀bẹ̀ o. Kí n má purọ́, ó bẹ̀bẹ̀ gan-an. Iṣu tuntun kò tíì wọ ọjà Glazoué tán tó fi ya bùtíìkì, ó ní òun kàn fẹ́ fọwọ́ kan páálí náà. Ràsáàkì bá a ṣeré, ó fún un ní omi, kò fi páálí hàn án. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ ibi tí ewúrẹ́ ti ké, ewúrẹ́ nìkan. Ràsáàkì ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kí n má gbà." Ó bínú, ó fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé, ó sì ń sọ̀rọ̀ burúkú sí Ràsáàkì lójú ọ̀nà.

Ilé dákẹ́. Kò gba ìròyìn mọ́, kò gba orin. Bí Cyprien bá tan rédíò tirẹ̀, á gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé, sí òjìji àpáta. Ohun tó ń gbọ́ níbẹ̀ ni atẹ́gùn, àti ìró ọkọ́, àti àwọn tó ń kí ara wọn láti oko dé oko, tí àpáta sì ń bá wọn kí i. Nígbà míì ohùn kan á fẹ́ jọ ọ́, á gbé orí sókè. Ohùn ọmọ ẹlòmíràn ni. Á tún gbé orí sílẹ̀. Ibi tí Ignace wà nínú etí rẹ̀ ti dá páro, bí ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi, kò sì mọ̀ bóyá nǹkan kan ṣì máa hù níbẹ̀.

Ọyẹ́ dé, òkè fara sin nínú kùrukùru rẹ̀. Ó pẹ́ tí Ràsáàkì ti rí i kẹ́yìn ní bùtíìkì. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó di páálí mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, ó gbé e wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

"Màmá, mo rò ó pé ó tó."

Obìnrin náà wo páálí yẹn bí èèyàn ṣe ń wo àlejò tí kò mọ̀ bóyá ire ló mú wá. Ó ní kó gbé ọ̀kan jáde, èyí tó bá wù ú. Ó jókòó, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú. Ràsáàkì ki kìlé bọ̀ ọ́.

"Murielle, èmi bàbá rẹ nìyí..."

Ó jinlẹ̀. Ó mọ́ tónítóní. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n ká a.

Ìyá Murielle gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ dá, omi sì gba ojú kan náà. "Bíṣọ́ọ̀bù!" ó ní. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá itan. "Ràsáàkì, bíṣọ́ọ̀bù ni! Kì í ṣe òun! O gbọ́ ọ? Kì í ṣe òun rárá!"

Ràsáàkì kò mọ̀ bóyá kí òun bá a rẹ́rìn-ín tàbí kí òun bẹ̀ ẹ́. Nínú báfù, wọ́n ti dé oko Kpingni, iṣu fẹ́ẹ́ tóbi.

"Pa á, pa á," ni obìnrin náà wí. "Tètè pa á, kó tó mọ́ mi létí."

"Ẹ ò ní gbọ́ ibi tó ti pè yín?"

Ó wo báfù náà. Ó mi orí. "Pa á, ọmọ mi. Mo mọ bó ṣe pè é."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ń lọ sí Máàsì rí Ìyá Murielle lójú títì. Ó ń rọra rìn ní apá ọ̀tún, nínú koríko gan-an, ìrì sì ti rin etí aṣọ rẹ̀. Cyprien tó ń bọ̀ lẹ́yìn kígbe sí i pé ọ̀nà gbòòrò, kí ló dé tó ń fi ara nu igbó. Ìyá Murielle kò kúrò nínú koríko. Ó fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń rọra gùn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń bá a tàkúrọ̀sọ lọ.